Àtúnṣe Ọwọ́ Ẹni: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé àti Ọlọ́kọ̀ Mọ̀ Kó Tó Pe Oníṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ dá lórí àwọn àtúnṣe kéékèèké inú ilé àti ara ọkọ̀ tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú yín lè ti rò pé ọ̀rọ̀ owó ni: pé bí ọjà ṣe gbówó lórí yìí, kí kálukú yáa máa tún nǹkan rẹ̀ ṣe kí owó lè ṣẹ́ kù lápò. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ n kò ní fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa nǹkan tó ní, kò lè mọ oníṣẹ́ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Níbi tí oníbàárà kò bá sì ti mọ ìyàtọ̀ yìí, oníṣẹ́ gidi kì í pẹ́ níbẹ̀. Àtúnṣe tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé àtúnṣe ọwọ́ ẹni kì í ṣe ọ̀tá oníṣẹ́ ọwọ́ rárá. Òun ló ń gbé oníṣẹ́ ọwọ́ tó dáńtọ́ ró.

Ní ọdún 1970, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà, George Akerlof, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ọjà ọkọ̀ àlòkù. Ó ní ẹni tó ń ta ọkọ̀ mọ àrùn tó ń ṣe é, ẹni tó fẹ́ rà á kò mọ̀. Nígbà tí olùrà kò bá lè dá ọkọ̀ tó dára mọ̀ láàrin àwọn tó ti kú tán, iye kan náà ni yóò máa fi lọ gbogbo wọn, iye tí ẹni tó ń bẹ̀rù jìbìtì máa ń dá. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ dára kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Àwọn tí kò dára ni yóò ṣẹ́ kù sọ́jà, olùrà yóò tún dín iye tó ń dá kù, ọjà yóò sì máa bàjẹ́ sí i. Lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001 nìyẹn. Akerlof kò dárúkọ Ládípọ̀ ní Mushin, kò dárúkọ Géètì n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa ló ń sọ. Mẹkáníìkì tó jókòó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ra irinṣẹ́ gidi, tí kì í lo páàtì tí kò dá a lójú, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò lè bá ti ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù kẹfà dọ́gba. Bí oníbàárà bá dúró láàrin àwọn méjèèjì tí kò sì mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe, kí ló kù tí yóò fi yàn bí kò ṣe owó? Ẹni tó kéré lówó ni yóò gbé ọkọ̀ fún. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò wo iwájú, yóò wo ẹ̀yìn, yóò ta irinṣẹ́ rẹ̀, yóò lọ máa gun ọ̀kadà tàbí kó wá ọ̀nà àtirékọjá sókè òkun. Ẹ wo iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ilé l'Ékòó lónìí, ọmọ Tógò tàbí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ń wá láti bá wọn lẹ táìlì. Kì í ṣe pé ọpọlọ ọmọ tiwa kò gbé iṣẹ́. Ìgbàgbọ́ tó wà láàrin onílé àti oníṣẹ́ ló ti já.

Bí a bá sì wẹ̀yìn wò, a ó rí i pé àwọn baba wa kì í ṣe àlejò nínú ilé ara wọn. Ilé amọ̀ tí a fi koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbodògì bò kì í tọ́jọ́ bí ojú kò bá kúrò lára rẹ̀. Ibi tó bá jẹrà lórí òrùlé, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé. Ilẹ̀ tó bá fẹ́ là, àwọn obìnrin ilé á fi ẹbọ́tọ ra á. Ní Ọ̀yọ́, òrùlé ààfin ní ọdún tirẹ̀, ọdún Bẹẹrẹ, tí wọ́n máa ń kó koríko wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ṣe. Ìtọ́jú ilé jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú ń bọlá fún. Síbẹ̀, alágbẹ̀dẹ wà, gbẹ́nàgbẹ́nà wà, ọ̀mọlé wà, wọ́n sì níyì. Onílé mọ ibi tí agbára òun mọ, ó sì mọ iṣẹ́ tó dáa bó bá rí i, nítorí ọwọ́ òun náà ti kan amọ̀ rí. Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Brazil dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tó jíire wọ Èkó, kò ṣòro fún ará ìlú láti rí i pé iṣẹ́ wọn tayọ. Lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn, Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894 ṣì wà ní Èkó dòní. Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ǹtì, páànù, páìpù omi àti iná mànàmáná wọ ilé gbogbo wa. Nǹkan tí a fi ń kọ́lé yí padà, ìmọ̀ onílé kò bá a yí. A gba ilé tuntun, a kò gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe gba ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan ṣoṣo lára ọkọ̀ kí a wò ó fínnífínní, kí ẹ lè rí ohun tí àìmọ̀ ń fojú wa rí. Ohun kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní thermostat. Ojú ọ̀nà omi tó ń lọ láàrin ẹ́ńjìnnì àti radíétọ̀ ló wà, iṣẹ́ ìlẹ̀kùn ló sì ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, yóò pa dé, kí omi má tíì gba inú radíétọ̀ kọjá, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ibi tó yẹ. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 82 sí 90, yóò ṣí, radíétọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Káàkiri ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń yọ ọ́ jù nù. Wọ́n á ní òyìnbó ló ṣe é nítorí òtútù ìlú wọn, pé ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ á mi orí, á san owó. Bẹ́ẹ̀, oòrùn tó mú jù lọ nílẹ̀ Yorùbá kò lè mú afẹ́fẹ́ gbóná dé ìdajì ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, yóò máa da epo sí i. Ọ̀rinrin inú ọ́ìlì kò ní rí ooru tó máa lé e jáde. Ọlọ́kọ̀ á wá máa ráhùn pé ọkọ̀ òun ń mu epo. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àrùn gan-an ṣì wà lára ọkọ̀. Ohun tó mú kí ọkọ̀ máa gbóná ju bó ti yẹ lọ lè jẹ́ fáànù tí kò yí mọ́, tàbí radíétọ̀ tí ìpẹtà ti dí, nítorí omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń bù sí i láti ọjọ́ pípẹ́ dípò omi kúláńtì tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ẹni tó bá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré kọ́ iṣẹ́ tí ohun kékeré yìí ń ṣe, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ lójú rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní fọwọ́ kan sípánà. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bá bi mẹkáníìkì ti tó láti mọ irú ẹni tó ń bá ṣe.

Wọ́n lè sọ fún mi pé ayé ọkọ̀ Beetle àti Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò nílẹ̀ wa ní 1975, ni ènìyàn lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe, pé kọ̀ǹpútà ló kún inú ọkọ̀ òde òní. Ẹ̀rí tako wọn. Kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ló mú kó rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ láti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá tà níbẹ̀ láti ọkọ̀ ọdún 1996 ní ojú kan náà tí wọ́n ń pè ní OBD-II, oníhò 16, tó máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí orúnkún awakọ̀ ń dé. Tòkúnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wọlé lẹ́yìn ìgbà náà ní in. Ẹ̀rọ tó ń kà á kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, fóònù lèèyàn sì fi ń wo ohun tó bá kà. Ká ní Corolla kan ń gbọ̀n, iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ náà sì gbé P0301 jáde. Ohun tó ń sọ ni pé sìlíńdà kìíní kò ta iná dáadáa. Èyí tí a sábà máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni pé kí a ra kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká ra pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká tún fọ ojú epo mọ́ ọn. Ọlọ́kọ̀ tó gbọ́n yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò jẹ́ kó tutù, yóò fi sípánà 10 tú bóòtù kan ṣoṣo tó di kọ́ìlì sìlíńdà kìíní mú, yóò gbé e lọ sórí sìlíńdà kejì, yóò gbé ti ibẹ̀ wá síbí. Yóò pa àmì àkọ́kọ́ rẹ́, yóò wa ọkọ̀ náà díẹ̀. Bí àmì bá di P0302, kọ́ìlì yẹn ló kú. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò rà. Bí ó bá ṣì jẹ́ P0301, kọ́ìlì kò mọ̀ sí i. Pílọ́ọ̀gì ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ojú epo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ìyẹn lọ, ó di ti mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa jọ sọ yóò yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn ní ọkọ̀ òun ń gbọ̀n, òun kò mọ ohun tó ń ṣe é.

Àwọn àyẹ̀wò mìíràn wà tí kò nílò ẹ̀rọ kankan rárá, ojú lásán ló ń fẹ́. Lára táyà kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kò yé kìlọ̀ nípa táyà tó ti gbó, síbẹ̀ àwa ń ra táyà tòkúnbọ̀ láìbẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, àárọ̀ tí táyà ṣì tutù ni a sì ń wọ̀n ọ́n. Kò yẹ kí a fi sílẹ̀ fún fọkanáísà láti fi ojú dá. Bátìrì ẹ̀rọ inverter oníomi náà ńkọ́? Omi inú rẹ̀ ló ń gbẹ, ásíìdì kì í bá a gbẹ, nítorí náà omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba omi oru rẹ̀ nìkan ló yẹ kí a fi kún un. Ẹni tó bá ń bu ásíìdì sí i lọ́dọọdún ń fi owó ara rẹ̀ pa bátìrì ara rẹ̀ ni.

Nínú ilé, omi ni ká kọ́kọ́ wò. Bí ẹ̀rọ omi bá ń jò, tí ìkán kan ń bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìkán 86,400 ni láti àárọ̀ di àárọ̀. Bí ìkán mẹ́rin bá jẹ́ mìlílítà kan, ó lé ní lítà 21, kẹ́ẹ̀gì 25 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún yẹn lójúmọ́, omi tí a fi owó iná tàbí owó epo fà gòkè. Rọ́bà wọ́ṣà tí kò fẹ̀ ju ojú owó ẹyọ lọ ló sábà máa ń fà á nínú ẹ̀rọ tí à ń yí. A ó ti ojú omi tó ń wọ ilé, a ó ṣí ẹ̀rọ náà kí omi inú rẹ̀ gbẹ, a ó fi sípánà tú orí rẹ̀, a ó yọ rọ́bà tó ti jẹ, a ó mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fún wa ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Tánkì ṣáláńgá inú ilé tún máa ń jò láìpariwo, omi á máa yọ́ wọ ìsàlẹ̀ tọ̀sántòru. Ẹ fi búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú tánkì náà, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ bá hàn nínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà ìsàlẹ̀ tánkì ti gbó. Kò sí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ilé, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, tí omi ti ń jò fún ọdún kan, tí onílé ń bínú sí owó iná tó ń gòkè.

Iná mànàmáná ni ọ̀rọ̀ ti le jù, èmi kò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní fíùsì nínú. Fíùsì ámpíà 3 wà fún nǹkan kékeré bíi rédíò àti iná àtùpà, ti ámpíà 13 wà fún áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1,000 lórí iná fólítì 230 ń fa díẹ̀ ju ámpíà 4 lọ. Kẹ́tùlù tó ń jẹ wáàtì 2,000 ń fa bíi ámpíà 8.7. Bí a bá ki àwọn méjèèjì sórí okùn ìfàgùn kan ṣoṣo, pẹ̀lú fìríìjì, ó ti kọjá ámpíà 13 tí fíùsì okùn náà lè gbé. Ohun tó sì ń jó ilé ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni súkúrù inú pílọ́ọ̀gì tó ti tú díẹ̀: ibi tí wáyà kò bá ti fún dáadáa ni ooru ń ti jáde, pílọ́ọ̀gì á máa pọ́n, á máa rùn, a óò ní NEPA ló gbé iná gíga wá. Kí a yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kí a ṣí i, kí a wò bóyá súkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta le, bóyá wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò wà ní ẹsẹ̀ tó gùn jù, ẹnikẹ́ni lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láé ni kí fíùsì jó, kí a fi bébà sìgá tàbí wáyà lásán rọ́pò rẹ̀. Fíùsì ló ń kú kí ilé má bàa jó. Ẹni tó fi wáyà rọ́pò rẹ̀ ti yan ilé rẹ̀ láti jó dípò fíùsì.

Níbí ni àtakò tó lágbára jù ti wọlé: pé ẹ̀kọ́ yìí yóò pa ènìyàn, pé ẹni tó mọ díẹ̀ léwu ju ẹni tí kò mọ nǹkan kan lọ. Mo gbà pé ewu wà, n kò gbà pé àìmọ̀ ló ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Lára ìmọ̀ tí mo ń wí ni kí ènìyàn mọ ibi tí ọwọ́ òun gbọ́dọ̀ dúró. Àpótí mítà àti pánẹ́ẹ̀lì tó pín iná káàkiri ilé, oníná tó ní ìwé àṣẹ ló ni ín. Inú inverter àti inú máíkíróweefù kì í ṣe ibi tí à ń ki ọwọ́ bọ̀, nítorí iná lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà lára ògiri. Wáyà aláwọ̀ yẹ́lò lábẹ́ ìdarí ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ ti báàgì afẹ́fẹ́ tó ń bú nígbà ìjàǹbá. A kì í tú u. A kì í ṣí ìdérí radíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, a kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Bí gáàsì bá ń rùn nínú ilé, ohun tí a ó ṣe ni pé kí a ti sílíńdà, kí a ṣí fèrèsé, kí a má tan iná kankan, kí a má sì pa èyí tó ń tàn. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá, kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé, torí èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ǹjẹ́ ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ ń pa mọ́jú ní ilẹ̀ wa kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń tún un ṣe? Wọ́n kàn tàn án, wọ́n lọ sùn. Àìmọ̀ ló pa wọ́n. Nítorí náà, bí ewu bá wà nínú kí a kọ́ ènìyàn, ewu tó wà nínú kí a má kọ́ wọn ti ń pa wá tẹ́lẹ̀.

Àtakò kejì ni ti oúnjẹ. Wọ́n ní bí kálukú bá ń pààrọ̀ wọ́ṣà àti pílọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, kí ni púlọ́ńbà àti mẹkáníìkì yóò jẹ? Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ká wa lára, nítorí ọmọ wa ni wọ́n. Ẹ bi púlọ́ńbà tó mọṣẹ́ léèrè bóyá ó fẹ́ kí wọ́n pe òun láti òpin ìlú kan dé òpin kejì nítorí rọ́bà kan. Owó ọkọ̀ rẹ̀ á ju owó iṣẹ́ lọ, á wá di dandan kó fi irọ́ díẹ̀ kún un kí ọjọ́ rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń wọ iṣẹ́. Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì nítorí pé ọlọ́kọ̀ kò wo ọ́ìlì ń mú owó ńlá wá fún mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n owó tí oníbàárà san pẹ̀lú ẹkún, pẹ̀lú ìfura pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, kì í mú oníbàárà náà padà wá. Oníbàárà tó mọ̀ pé omi radíétọ̀ àti ọ́ìlì ọkọ̀ òun pé, tó wá bá mẹkáníìkì pẹ̀lú àmì tó kà, ń bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n orí mẹkáníìkì ni. Ọgbọ́n yẹn ni yóò sanwó fún, kì í ṣe fún títú bóòtù. Ìyẹn ni ọjà tí oníṣẹ́ gidi ń fẹ́.

Ní ti ẹni tó ní òun kò ráyè, n kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí a wo ọ́ìlì, omi àti táyà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọkọ̀ tó kú sórí afárá Third Mainland máa ń gba gbogbo ọjọ́. Ẹni tó ní iṣẹ́ yìí kò bá ipò òun mu, tàbí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo Sandra Aguebor tó dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀, tó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin ní iṣẹ́ mẹkáníìkì. Bí obìnrin bá lè fi tú ẹ́ńjìnnì jẹun, kí ló ní kí ìyàwó ilé má mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé rẹ̀?

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí Kúbà, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá ṣì ń bọ Ògún, tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ti wà kí Castro tó gbàjọba ní 1959 ṣì ń rìn nígboro Havana. Ohun ìyanu ni, ó sì fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn lè gbé ẹ̀rọ dé ibi tí ẹni tó ṣe é kò fọkàn sí. Ṣùgbọ́n àìrí-òmíràn-rà ló fà á níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ìyà jẹ́ olùkọ́ wa. Àwọn ìlú tí wọn kò fẹ́ nǹkan kù náà ń padà sí ọ̀nà yìí. Ní 2012, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Massachusetts fọwọ́ sí òfin tó ní kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ àti mẹkáníìkì tó wù ú rí ìmọ̀ àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Láti 2021, ilẹ̀ Faransé ní kí wọ́n máa kọ máàkì sára àwọn ẹ̀rọ kan lọ́jà, kí olùrà mọ bó ti rọrùn tó láti tún un ṣe. Ní Amsterdam, ní 2009, Martine Postma bẹ̀rẹ̀ ìpàdé kan tí wọ́n ń pè ní Repair Café: ẹni tó ní nǹkan tó bàjẹ́ á gbé e wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe á jókòó tì í, wọ́n á jọ ṣe é. Wọn kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe. Ó ti tàn káàkiri ayé. Àwa tí a ní àárò àti ọ̀wẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ni ìyẹn fẹ́ kọ́ wa tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìjọba náà gbìyànjú rẹ̀ rí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n fi Introductory Technology sínú iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré, wọ́n sì kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, àwọn ẹ̀rọ náà dípẹtà sínú páálí nítorí kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n lò. Mo rò pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ látòkè ni. Ọmọ kò nílò ẹ̀rọ ńlá láti kọ́ ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí. Ẹ̀rọ omi tó ń jò ní ilé ẹ̀kọ́ náà ti tó, àga tó ṣẹ́ ti tó, pílọ́ọ̀gì tó jó ní ọ́fíìsì ọ̀gá ti tó.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé tí ẹ ń dá owó fún ẹ̀ṣọ́ òru, ẹ dá díẹ̀ sí i, kí ẹ ra àpótí irinṣẹ́ kan àti ẹ̀rọ tó ń ka OBD-II kan fún àdúgbò. Ẹ yan ọjọ́ Sátidé kan lóṣù, ẹ pe mẹkáníìkì àti oníná tí ẹ fọkàn tán, ẹ sanwó ọjọ́ náà fún wọn, kí wọ́n kọ́ tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, ní ohun tí wọ́n lè ṣe fúnra wọn àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ wà níbí, bí oníbàárà bá béèrè pé kí lo yọ, kí nìdí tí o fi yọ ọ́, ẹ má bínú. Ẹ fi páàtì tó kú náà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, bí púlọ́ńbà bá wá sílé yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe àwọn ọmọ yín jáde láti yàrá, kí wọ́n wá dúró tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí.